Ẹ Bi Wá: Máṣíìnì CNC Tẹ́ ẹ Fọwọ́ Ara Yín Kàn

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí CNC, ìyẹn máṣíìnì tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gé pákó tàbí fín nǹkan sára ẹ̀, pọ̀ gan-an, gbogbo ẹ̀ ò lè gba ojú ìwé kan, mo wá ṣa àwọn tí wàhálà wọn ò jọra. Èyí tó pọ̀ jù nínú yín ló ń lo Arduino Uno (bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré) tó ní GRBL (ètò tó ń darí máṣíìnì) nínú, pẹ̀lú CNC shield (bọ́ọ̀dù tó jókòó lé e) àti driver A4988 tàbí DRV8825 (èyí tó ń fún mọ́tò níná), torí náà òun ni màá máa bá sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣá wà tí mo rí káàkiri lẹ́tà yín: ẹ máa ń yára sáré sí nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà jù. Irin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀ ẹ lọ sára wáyà, lẹ́yìn ìyẹn lẹ wá fọwọ́ kan nọ́ńbà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo to máṣíìnì mi tán, ó ń rìn, àmọ́ tí mo bá tẹ Y+, dípò kí tábìlì lọ sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Mo yí wáyà stepper (mọ́tò tó ń fi ìṣísẹ̀ yí) padà, ó wá lọ sẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí mo fín sára pákó yí sódì bí ìgbà téèyàn ń wò ó nínú dígí. Níbo ni mo ti ṣì í? (Orúkọ Òdì)

Ẹ ò ṣì í rárá níbẹ̀rẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ tún un ṣe gan-an lẹ bà á jẹ́. Ẹ ẹ́ rí i, X, Y àti Z kì í ṣe ìrìn tábìlì, ìrìn bíítì (irin tó ń gé pákó) lórí pákó ni. Ẹ ṣe bíi pé ẹ jẹ́ èèrà tó dúró sórí pákó yẹn tó ń wo bíítì. Tí tábìlì bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó dúró níwájú máṣíìnì, lójú èèrà yẹn bíítì ló ń lọ sẹ́yìn, bí Y+ sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn gẹ́lẹ́. X+, kí bíítì lọ sápá ọ̀tún lórí pákó; Y+, kó jìnnà sí yín; Z+, kó gòkè. Z ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù, torí tó bá yí sódì, ìgbà tẹ́ ẹ rò pé ẹ ń gbé bíítì sókè lẹ máa rì í mọ́ tábìlì, gbogbo wa la ti ṣe é rí, ẹni tó bá ní òun ò ṣe é rí ò tíì pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ni.

Ẹ dá wáyà yẹn padà síbi tó wà. Àti pé tí axis kan (X, Y tàbí Z) bá yí sódì lóòótọ́ lọ́jọ́ mìíràn, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá tú wáyà, $3, ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà ètò GRBL tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ sí i láti kọ̀ǹpútà, ló ń yí i padà: 1 fún X, 2 fún Y, 4 fún Z, tó bá jẹ́ méjì ẹ ro wọ́n pọ̀, X àti Z á jẹ́ 5. Ẹ má da $3 pọ̀ mọ́ $23 o. $23 ló ń sọ apá ibi tí máṣíìnì máa sá lọ wá súwìṣì òpin tó bá ń ṣe homing (wíwá ibi ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀), ìyẹn ò kan ìrìn ojoojúmọ́ ẹ̀.

Mo ní kó rin 100 mm, 62.5 mm ló rìn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kàn máa fẹ àwòrán mi sí ìlọ́po 1.6 kí n tó gé e. Ó ṣiṣẹ́ o, àmọ́ ara mi ò gbà á. (Ìdajì Ọ̀nà)

Ara yín ò parọ́. Ọ̀rẹ́ yín fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Nọ́ńbà tí GRBL máa ń bá wá látilé ni 250 ìṣísẹ̀ fún mìlímítà kan, ti máṣíìnì yín sì jẹ́ 400, 250 nínú 400 sì rèé, 62.5 nínú 100 náà ni. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò ẹ̀. Stepper tó wọ́pọ̀ máa ń gbé ìṣísẹ̀ 200 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ki jumper (pulọ́ọ̀gì tíntìntín tó ń so abẹ́rẹ́ bọ́ọ̀dù méjì pọ̀) mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ A4988, ó máa gé ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí 16, ìyẹn 3200. Lead screw (ọ̀pá onísíkúrù gígùn tí stepper ń yí) T8 tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ti nọ́ọ̀tì ẹ̀ lọ síwájú 8 mm tó bá yí po lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín 3200 sọ́nà 8, 400 nìyẹn. Ẹ tẹ $100=400 fún X, $101 fún Y, $102 fún Z, ó parí.

Ibi tó ti máa ń gbé èèyàn ṣubú ni pé jumper mẹ́ta yẹn kan náà lábẹ́ DRV8825, 32 ló ń gé e sí, kì í ṣe 16, nọ́ńbà yín á wá di 800. Bẹ́ẹ̀ náà ni T8 ò rí bákan náà gbogbo ẹ̀, òmíràn wà tó jẹ́ 2 mm péré ló ń rìn nínú ìyípo kan. Ẹ má fojú wò ó sọ. Ẹ fi máákà fa ìlà kékeré sára lead screw, ẹ fọwọ́ yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wọn ibi tí nọ́ọ̀tì bá a dé: 80 mm lẹ máa rí tàbí 20 mm. Ẹni tó bá ń lo bẹ́líìtì GT2 pẹ̀lú pulley eléyín 20, eyín kọ̀ọ̀kan 2 mm ni, ìyípo kan jẹ́ 40 mm, ẹ pín 3200 sọ́nà 40, 80 nìyẹn.

Lẹ́yìn ìṣirò, tó bá ṣì ku díẹ̀ káàtó, ẹ mú nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ lọ́nà iye tẹ́ ẹ ní kó rìn, kẹ́ ẹ pín in sọ́nà iye tó rìn. Ìrìn gígùn ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, 300 mm tí àyè bá gbà á, torí tó bá jẹ́ 10 mm, ojú yín á ṣi rúlà kà ju àṣìṣe tẹ́ ẹ ń wá lọ. Ẹ má sì wọn ihò tẹ́ ẹ gé o, ìtóbi bíítì àti bó ṣe ń tẹ̀ máa kó sínú ẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé lead screw lẹ ní, tí ohun tó ku lé ní 1 mm nínú 100, ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀, nǹkan kan tú níbì kan.

Stepper X mi kàn ń gbọ̀n, ó ń kùn bí oyin, kò yí. Mo ti pààrọ̀ driver, bákan náà ni. (Oyin)

Wáyà mẹ́rin ló jáde lára stepper, tọkọtaya méjì ni wọ́n, ẹ ti fi ọkọ ẹlòmíràn sọ́dọ̀ ìyàwó ẹlòmíràn. Ẹ pa iná, ẹ yọ stepper kúrò lára shield, ẹ mú wáyà méjì kan ara wọn, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ yí ọ̀pá ẹ̀. Tó bá ń le, tó ń di yín lọ́wọ́ mú, àwọn méjì yẹn ló ni ara wọn. Tó bá rọ̀ bíi pé ẹ ò ṣe nǹkan kan, ẹ gbé òmíràn. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ wọ́n tán, kí tọkọtaya kọ̀ọ̀kan wà pa pọ̀ lórí pulọ́ọ̀gì.

Mo ní kẹ́ ẹ pa iná. Àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: èmi fọwọ́ ara mi fa pulọ́ọ̀gì stepper yọ nígbà tí iná wà lára ẹ̀, mo ṣáà ní mo fẹ́ yára, ni mo bá gbọ́ tá! kékeré kan, òórùn ẹ̀ gba yàrá, driver lọ. Òun nìkan kọ́, mo tún fi tuntun sí i, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì.

Tí wáyà bá wá pé tó ṣì ń kùn, ẹ wọn Vref (fólítì tó ń sọ iye amp tí driver máa fún stepper) lára driver. A4988 tí resistor ẹ̀ kọ R100, 0.8 V ni fún amp 1; DRV8825, 0.5 V fún amp 1. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa yí síkúrù kékeré yẹn, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó kọjá amp tí wọ́n kọ sí stepper.

Tí n ò bá tan spindle (mọ́tò tó ń yí bíítì), máṣíìnì mi lè rìn tọ̀sán tòru. Tí mo bá ti tàn án báyìí, kò ní pé ìṣẹ́jú kan tí màá rí ALARM:1, ó dúró gbagidi, bẹ́ẹ̀ ó jìnnà sí gbogbo súwìṣì! Mo ti pààrọ̀ súwìṣì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. (Ó Ti Sú Mi)

Ẹ pẹ̀lẹ́. Súwìṣì ò ṣe yín ní nǹkan kan, ẹ kàn náwó lásán ni. ALARM:1 túmọ̀ sí pé GRBL gbà pé súwìṣì òpin kan ti di títẹ̀, àmọ́ ariwo iná spindle ló ń tàn án jẹ. Wáyà súwìṣì tó gùn, tó sì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà spindle, àńtẹ́nà rédíò lẹ fi ń ṣe yẹn, ariwo yòówù tó bá wà nítòsí ló máa gbé. Ẹ kọ́kọ́ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ná: ẹ tẹ $21=0 kí GRBL má fi ti súwìṣì òpin ṣe, kẹ́ ẹ tan spindle, kẹ́ ẹ jẹ́ kó rìn lókè láìgé nǹkan kan. Tó bá rìn já, ọ̀rọ̀ ariwo la ń sọ. (Tó bá jẹ́ USB ló ń já kúrò lára kọ̀ǹpútà, ariwo náà ni, àmọ́ ọ̀nà ibòmíràn ló gbà wọlé, ẹ wá USB kúkúrú tó ní ààbò irin, kẹ́ ẹ gbé e jìnnà sí wáyà spindle.)

Nísinsìnyí, ẹ ya wáyà méjèèjì sọ́tọ̀, tí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé kí wọ́n gba orí ara wọn kọjá ní àgbélébùú, kí wọ́n má sùn ti ara wọn. Ẹ lo wáyà tó ní aṣọ irin lára fún súwìṣì, kẹ́ ẹ so aṣọ irin yẹn mọ́ ground (ìlà òdo iná bọ́ọ̀dù) ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, lápá bọ́ọ̀dù, tẹ́ ẹ bá so orí méjèèjì ẹ tún ti ṣí ìlẹ̀kùn mìíràn fún un. Kápásítọ̀ 0.1 µF láàárín wáyà súwìṣì àti ground lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù máa ń gba èèyàn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kẹ́ ẹ so súwìṣì lọ́nà tí iná fi ń gba inú ẹ̀ kọjá nígbà gbogbo, tó jẹ́ pé tí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ ló máa já, kẹ́ ẹ wá tẹ $5=1 kí GRBL mọ̀ pé jíjá yẹn ni títẹ̀. Kò rọrùn fún ariwo láti borí wáyà tó ti wà lára ground, àti pé tí wáyà bá já lọ́jọ́ kan ẹ máa mọ̀ kíá. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán kẹ́ ẹ má gbàgbé láti dá $21 padà sí 1.

Mo gé ìràwọ̀ 12 sórí pákó kan, mẹ́ta àkọ́kọ́ dáa, ìyókù ń sún sápá ọ̀tún díẹ̀díẹ̀. (Ìràwọ̀ Tó Ṣí)

Róbótó tí mo gé ò rí róbótó, ó ní ibi pẹlẹbẹ mẹ́rin bíi pé wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Èló ni kí n fi kún $100? (Pẹlẹbẹ)

Mo da yín pọ̀ torí èèyàn lè rò pé àìsàn kan náà ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìràwọ̀, ohun tó bá ń sún díẹ̀díẹ̀ sápá kan ṣoṣo, nǹkan ń yọ̀ níbì kan. Tó bá fò lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò bá ní stepper ló pàdánù ìṣísẹ̀, màá ní kẹ́ ẹ dín eré ($110) àti ìgbéra ($120) kù sí ìdajì. Ẹ wá coupler tó so stepper mọ́ lead screw. Ẹ mú máákà, kẹ́ ẹ fa ìlà tín-ínrín kan láti ara ọ̀pá stepper gba ara coupler dé ara lead screw, ìlà kan ṣoṣo tó tọ́. Ẹ gé ìràwọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tèmi, mo fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó lẹ́yìn iṣẹ́, ìlà tó wà lára ọ̀pá stepper ti fi èyí tó wà lára coupler sílẹ̀ níwọ̀n èékánná, bẹ́ẹ̀ tí mo bá fọwọ́ mì ín kò mì rárá, ó le dáadáa lọ́wọ́. Síkúrù kékeré inú ẹ̀ ni, orí ibi róbótó ọ̀pá ló dúró lé dípò ibi pẹlẹbẹ. Ẹ tú u, ẹ yí i bá ibi pẹlẹbẹ, ẹ dè é padà.

Pẹlẹbẹ, tiyín yàtọ̀. Ibi mẹ́rin yẹn ni axis kan ti ń yí ojú padà, nọ́ọ̀tì yín sì gbo, tí lead screw bá yí padà ó máa kọ́kọ́ yí lásán kó tó gbé nọ́ọ̀tì. Ẹ gbé dial indicator (aago alábẹ́rẹ́ tó ń wọn ìrìn kékeré) ti axis yẹn, ẹ mú axis rìn lọ títí abẹ́rẹ́ á fi mì, ẹ sọ ọ́ di òdo, kẹ́ ẹ wá máa dá a padà ní 0.01 mm lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kà á títí abẹ́rẹ́ á fi mì. Iye tẹ́ ẹ kà ni àlàfo yín. Ẹ má fi nǹkan kan kún $100, ńṣe lẹ máa ba gígùn gbogbo iṣẹ́ yín jẹ́, GRBL ò sì ní ibi tẹ́ ẹ ti máa kọ àlàfo sí. Nọ́ọ̀tì tó ní spring láàárín lẹ máa rà, kẹ́ ẹ sì yẹ béárìn tó di orí lead screw mú wò bóyá òun náà ń sún.

Igun mi ò gún. (Kò Gún)

Ẹ fi bíítì lu ihò mẹ́rin sígun onígun mẹ́rin kan tó tóbi, kẹ́ ẹ wọn láti igun dé igun tó dojú kọ ọ́, méjèèjì. Tí wọn ò bá dọ́gba, gantry yín (férémù tó gba orí tábìlì kọjá) ló wọ́. Ẹ tú bóòtù ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ tì í, ẹ dè é, ẹ tún lu òmíràn.

Iṣẹ́ kan máa gbà mí ní wákàtí mẹ́fà. Ṣé mo lè tan máṣíìnì kí n lọ sùn? (Oorun)

Rárá o. Bíítì tó bá ti kú kì í gé pákó mọ́, ńṣe ló kàn ń fara ha á títí pákó á fi máa jó, ẹyin iná kan tí ẹ̀rọ tó ń fa eruku bá sì fà sínú àpò eruku, wákàtí kan ló lè fi dákẹ́ síbẹ̀ kó tó gbiná. Ẹ pín iṣẹ́ náà sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ sì gbé bọ́tìnnì tó ń pa gbogbo ẹ̀ síbi tọ́wọ́ yín máa tó láì na apá kọjá lórí bíítì.