Èsì: Kí ló yọ Luther nínú iná tó jó Hus?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè pé nígbà tí wọ́n dáná sun Jan Hus, àlùfáà ará Bohemia tó ta ko àwọn aṣáájú ìjọ Kátólíìkì, kí ló yọ Martin Luther, mọ́ńkì ará Jámánì tóun náà ta kò wọ́n? Lójú tèmi o, kì í ṣe pé Luther mọ ẹjọ́ rò ju Hus lọ. Ó rí ẹni gbà á sílẹ̀ ni.

Ọba Sigismund ṣèlérí ìwé ààbò fún Hus náà kó tó lọ rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ìjọ ní ìlú Konstanz, síbẹ̀ wọ́n sun ún ní July 6, 1415. Luther mọ ìtàn yìí dáadáa kó tó lọ rojọ́ níwájú Olú-ọba Charles Karùn-ún ní ìlú Worms ní Jámánì lọ́dún 1521. Kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ni Charles bá kéde rẹ̀ ní arúfin, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà á sílé.

Frederick tó ń ṣàkóso Saxony ló ta ọgbọ́n. Bí Luther ti ń padà bọ̀ wálé, àwọn ẹlẹ́ṣin já a gbà lọ́nà bí ẹni tí ajínigbé kó, ó di ilé olódi Wartburg. Àwọn kan tiẹ̀ rò pé wọ́n ti pa á! Ó bọ́ aṣọ mọ́ńkì, ó dá irùngbọ̀n sí, wọ́n ń pè é ní Junker Jörg, bí ẹni pé ọmọ ìjòyè kan ni. Ibẹ̀ ló ti túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun láti Gíríìkì sí èdè Jámánì láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 11. September 1522 ni ìwé náà jáde.

Charles fúnra rẹ̀ ò ráyè. Ogun Faransé àti ti Tọ́kì gbà á lọ́kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àìsàn ló pa Luther ní 1546, ní Eisleben tí wọ́n bí i sí.