Tíṣà tó ń hun òfì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí n'Ílọrin, mo tún ń hun aṣọ òfì nírọ̀lẹ́. Wọ́n ń yọ owó orí lórí owó oṣù mi, ṣé màá tún san ti òfì ni? Sàráà tí mò ń ṣe ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa san án o. Wọ́n á pa owó oṣù àti èrè òfì pọ̀ ni, láti 2026 ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún ò lówó orí, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa jẹ àǹfààní yẹn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Èrè ni mo wí o, ẹ yọ owó òwú àti tọmọṣẹ́ kúrò, ẹ sáà tọ́jú rìsíìtì, kódà èyí tí ìyá olówùú kọ sẹ́yìn páálí. Sàráà fáwọn aládùúgbò? Ọlọ́run á gbà á, ṣùgbọ́n kò sí lára ìnáwó òfì. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ fún KW-IRS, iléeṣẹ́ owó orí Kwara, kí 31 oṣù Kẹta tó kọjá.