Ìtumọ̀ orúkọ La Rochefoucauld, àti ìdí tí àkọ́bí ilé náà fi ń jẹ́ François

Ìbéèrè tí ẹ bi mí ni pé kí ni La Rochefoucauld túmọ̀ sí, àti pé kí ló dé tí orúkọ François fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn ìdílé ọlọ́lá ilẹ̀ Faransé yìí.

Roche ni àwọn Faransé ń pe àpáta. Foucauld sì ni orúkọ ọkùnrin tí ó tẹ̀dó sórí àpáta kan lẹ́bàá odò Tardoire, ní agbègbè Angoulême, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Àpáta Foucauld ni ibẹ̀ ń jẹ́, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ sì fi ń jẹ́ orúkọ. Ọ̀rọ̀ kékeré “de” tí ó máa ń ṣáájú rẹ̀ kò ju “ti” lọ. Ilé olódi wọn ṣì dúró lórí àpáta náà, ọwọ́ ìdílé ni ó sì wà títí di òní.

Ti François ni ó wù mí jù láti ṣàlàyé. Ní 1494, ìyàwó olóyè Angoulême bí ọmọkùnrin kan ní Cognac, olórí ilé La Rochefoucauld ìgbà náà, tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́ François, ni wọ́n sì fi ṣe bàbá ìsàmì ọmọ náà. Orúkọ kan náà ni ọmọ ń jẹ́. Nígbà tí Louis Kejìlá, ọba ilẹ̀ Faransé, kú láìní ọmọkùnrin, ọmọ yìí ni ó gorí ìtẹ́ ní 1515, tí a wá mọ̀ sí François Kìíní. Láti ìgbà náà ni ìdílé ti ń sọ àkọ́bí ọkùnrin wọn ní François, kí iyì ọjọ́ ìsàmì náà má baà parẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe da orúkọ pọ̀ mọ́ oyè. Ọba Louis Kẹtàlá ni ó sọ François Karùn-ún, olórí ìdílé La Rochefoucauld, di duc ní 1622, ìyẹn oyè tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní duke. Nígbà tí bàbá bá ṣì wà láyé, prince de Marcillac ni wọ́n ń pe dáwódù. François Kẹfà, ẹni tí àwọn gbólóhùn ọgbọ́n kúkúrú rẹ̀ jáde ní 1665, Marcillac ni títí bàbá rẹ̀ fi kú ní 1650. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé ìgbà náà lè rò pé ènìyàn méjì ni.

Kì í ṣe gbogbo olóyè ìdílé náà ni ó ń jẹ́ François: Alexandre tí ó jẹ oyè duc ní 1728 kì í ṣe àkọ́bí rárá. Ikú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó gbé oyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òun náà kò ní ọmọkùnrin tí yóò jogún rẹ̀, ọba sì gbà pé kí oyè gba ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ ìbátan wọn kan. Louis Alexandre, ọmọ obìnrin náà, ni àwọn èrò pa ní Gisors ní 1792, oyè sì kọjá sí ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀, duc de Liancourt, tí François jẹ́ àkọ́kọ́ nínú àwọn orúkọ rẹ̀.

Òfin ilẹ̀ Faransé ti pa oyè àjogúnbá rẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 1790, ṣùgbọ́n ó padà wá lẹ́yìn náà. Lónìí, bí ẹni tí ó jogún oyè bá béèrè, ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì fàyè gba kíkọ rẹ̀ sínú ìwé ìdánimọ̀. Kò sí ilẹ̀ tàbí àṣẹ kankan tí ó bá a wá mọ́.