Ìbéèrè Yín Lórí Eyín: Wáyà Kọ́ Ló Ń Ba Eyín Ọmọ Yín Jẹ́

Ọ̀kun o, Àǹtí. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, ni wọ́n so wáyà sí eyín rẹ̀ ní Ìlọrin lọ́dún tó kọjá torí eyín iwájú rẹ̀ gun orí ara wọn. Owó ńlá la ná o, owó kajú tí bàbá rẹ̀ tà ló fi kún un. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo ní kó la ẹnu kí n wò ó, mo rí funfun kan báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn irin kéékèèké tí wọ́n lẹ̀ mọ́ eyín kí wáyà lè gba orí wọn kọjá, ó dà bí ẹfun, kì í ṣe funfun eyín. Ìyá ọkọ mi ní irin yẹn ló ń jẹ eyín, pé ká lọ yọ ọ́ kúrò. Àbúrò mi ní omi bóhóòlù wa ni. Ọmọ yìí ń fọ eyín láràárọ̀ o, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé. Kí la ó ṣe?
— Ìyá ọmọ kan, Kàbà

Ọ̀kun o, màmá wa. Ẹ kú ìnáwó ọmọ, ẹ sì ṣeun tẹ́ ẹ tètè wo ẹnu rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ òbí kì í wò ó títí wọ́n á fi tú irin yẹn. Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín, kí ẹ sọ fún wọn pé irin kì í jẹ eyín. Oúnjẹ tó há sẹ́bàá irin ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Kòkòrò ti wà nínú ẹnu gbogbo wa tipẹ́, tí wọ́n bá ti rí súgà tàbí gàrí, búrẹ́dì, bísíkíìtì, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á wá máa ṣe omi kíkan jáde, omi kíkan yẹn ló ń fa èròjà tó mú eyín le kúrò lára rẹ̀, ibi tó bá sì ti fà á kúrò ló ń funfun bí ẹfun yẹn. Lára eyín tí nǹkan kan ò sí lórí rẹ̀, itọ́ àti ahọ́n máa ń gbá púpọ̀ nínú ìdọ̀tí yìí lọ, àmọ́ ní báyìí ó ti rí ibi sá pamọ́ sí. Kò sì gba ọdún kan o, bí oṣù kan péré ti tó kí funfun náà yọjú.

Ti bóhóòlù, òótọ́ ni pé omi tí èròjà fluoride bá pọ̀ jù nínú rẹ̀ lè fi àmì funfun tàbí bíráùn sí eyín, ṣùgbọ́n ìgbà tí eyín ṣì ń dàgbà nínú erìgì, nígbà tí ọmọ wà ní kékeré, ló máa ń ṣe é. Eyín á hù jáde tòun tàmì náà ni. Tí eyín ọmọ yín bá mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń so wáyà, tó wá jẹ́ pé ẹ̀bá irin nìkan ni funfun yìí wà, omi kọ́.

Ẹ ní ó ń fọ eyín láràárọ̀, mo gbà yín gbọ́. Èmi náà so wáyà rí kí n tó di nọ́ọ̀sì eyín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì, mo sì ń fọ eyín láràárọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú u, mo gba díńgí, eyín ti tò, ó tò dáadáa, àmọ́ lára méjì tó tẹ̀ lé ti àárín lókè, ibi tí irin ti lẹ̀ mọ́ ọn mọ́ kedere, àyíká rẹ̀ wá funfun bí ìgbà tí ẹnì kan fi ẹfun ya férémù yí i ká. Mo sunkún lórí àga yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo lọ bá wọn, wọ́n á ní ṣé ò ń fọ eyín, màá ní mò ń fọ̀ ọ́, ó parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi kó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń fọ eyín tí irin wà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ ka èyí tó kàn yìí pẹ̀lú ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ẹ jẹ́ kó dúró níwájú díńgí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Kó wo ibi tó wà láàárín irin àti erìgì, ibẹ̀ tín-ín-rín bí orí èékánná ọmọdé, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ìjà wà. Ẹ jẹ́ kó fi igi ìtayín ha ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Tí nǹkan rírọ̀ tó funfun rúsúrúsú bí ògì bá bá igi jáde, ìyẹn lẹ̀ ń wá, kò sì sí búrọ́ọ̀ṣì gbàràgbàrà ìṣẹ́jú kan tó lè mú un kúrò. Kó lo búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, kó dojú rẹ̀ kọ erìgì ní ìdagun, kó fọ òkè irin lọ́kọ̀ọ̀kan eyín, kó tún dojú rẹ̀ kọ òkè láti ìsàlẹ̀, kó fọ abẹ́ irin, kó wá fọ ojú irin fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni abẹ́ wáyà. Búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kan wà fún ìyẹn, ó dà bí èyí tá a fi ń fọ fídà ọmọ àmọ́ kò nípọn ju igi ìṣáná lọ, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà yín tàbí ní ilé oògùn ńlá ní Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin. Gbogbo rẹ̀ á gbà tó ìṣẹ́jú 4 tàbí 5. Àárọ̀ àti alẹ́, èyí alẹ́ ló sì ṣe pàtàkì jù, torí itọ́ máa ń dín kù téèyàn bá sùn. Níléèwé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí kò bá lè fọ eyín, kó fi omi lásán yọ ẹnu gidigidi.

Ọṣẹ ìfọyín, ẹ wo ara páálí rẹ̀ kẹ́ ẹ rí fluoride níbẹ̀, láàárín 1000 sí 1500 ppm (ppm ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe pọ̀ tó); èyí tó pọ̀ jù nínú omi ni mo bá wí lókè, ìwọ̀n ti inú ọṣẹ yìí ń ran eyín lọ́wọ́ ni. Tó bá fọ̀ ọ́ tán kó tu ọṣẹ dànù, kó má fi ife omi kan ṣan gbogbo rẹ̀ lọ, ọṣẹ díẹ̀ tó kù lára eyín yẹn ló ń bá a ṣiṣẹ́.

Oúnjẹ náà wà níbẹ̀ o. Wọ́n á ti sọ fún un pé kó má jẹ eegun àti súwíìtì líle, ṣùgbọ́n ẹ ránti kùlìkùlì, ìrèké, àti àgbàdo sísun tá à ń fi eyín gé lára ṣùkù, ẹ fi ọ̀bẹ gé e fún un. Iyán wa ò ní wàhálà kankan, ẹ jẹ́ kó jẹ iyán rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ jù ni gàrí tútù onísúgà lọ́sàn-án, àti sọ́bọ̀ tàbí mínírà tí ọmọ ń fà lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ìgò mínírà kan tó mu tán pẹ̀lú oúnjẹ ṣàánú eyín ju ìgò kan náà tó ń mu láti aago 12 títí di aago 4, torí gbogbo ìgbà tó bá fi ẹnu kàn án ni omi kíkan tún ń bẹ̀rẹ̀, itọ́ sì nílò bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó borí rẹ̀. Tí rọ́bà kéékèèké orí irin bá pọ́n nítorí kọrí tàbí epo, ẹ má jáyà, wọ́n á pààrọ̀ ìyẹn.

Ṣé funfun yẹn á lọ? Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, kò ní tóbi mọ́, àwọn kan sì máa ń ṣá díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan tí wọ́n bá ti tú irin. Èyí tí kò bá lọ, dókítà ní oje kan tí wọ́n máa ń jẹ́ kó wọ inú ibẹ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ lè bá ti eyín yòókù mu. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oògùn tó ń sọ eyín di funfun kun eyín rẹ̀, ó lè jẹ́ kí àmì náà hàn sí i. Ẹ fi hàn wọ́n ní Ìlọrin lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa lọ, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì hàn án lójú yín.

Àǹtí mi, mo ti ń lo orín àtà láti kékeré, bàbá mi àgbà ò sì ní ihò eyín kankan títí wọ́n fi kú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so wáyà. Ṣé kí n máa lo orín mi lọ? Ẹnì kan tún ní kí n máa fi èédú fọ̀ ọ́.
— Ìsánlú

Àbúrò mi, orín àtà dára, mi ò ní bú u. Àmọ́ kò lè wọ abẹ́ wáyà, ìrunlẹ́nu tó le yẹn sì lè ṣí irin kúrò lára eyín. Gbé e tì títí wọ́n á fi tú wáyà. Èédú, iyanrìn, iyọ̀ gbígbẹ, má fi kan eyín rẹ rárá, ṣe ni wọ́n ń ha ojú eyín, èyí tí wọ́n bá sì ha lọ kì í hù padà.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, iléèwé ni mo wà ní Lọ́kọ́ja, wáyà ti yọ lẹ́yìn, ó ń gún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n padà sọ́dọ̀ wọn. Ṣé kí n fi nélìkọ́tà gé e?
— Akẹ́kọ̀ọ́

Pẹ̀lẹ́, mo mọ bó ṣe ń ta. Má gé e, ó lè já sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ. Fi òwú tútù tì í jẹ́jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ eyín, lẹ́yìn náà nu ibẹ̀ gbẹ kó o fi wáàsì, ìda rírọ̀ tí wọ́n fún ẹ, bò ó, kì í ṣe àbẹ́là o. Po ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú ife omi lọ́wọ́ọ́wọ́, máa fi yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Pè wọ́n lónìí, má dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n lè ní kó o lọ sí ilé ìwòsàn eyín tó wà nítòsí kí wọ́n gé e fún ẹ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Má sì tìtorí pé ó ń ta ẹ́ kó o má fọ ìhà yẹn o, ibẹ̀ ni oúnjẹ máa kọ́kọ́ jókòó sí.