Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Fóòmù Rólà, Iṣan Tó Gan àti Ara Tó Ń Ro

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa bí ènìyàn ṣe lè máa sáré ní òwúrọ̀ láìpa ara rẹ̀ lára, ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí ó ń wọlé ni ó ń béèrè nípa fóòmù rólà, ìyẹn fóòmù líle, roboto, tí a máa ń tẹ́ sílẹ̀, tí a ó gbé ara lé, tí a ó sì máa yí síwájú àti sẹ́yìn lórí rẹ̀. A yan márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà. Ti àkọ́kọ́ ni èsì rẹ̀ gùn jù, nítorí pé orí rẹ̀ ni àwọn ìyókù dúró lé.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 41 ni mí, mo sì máa ń sáré ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Rólà tí ó le jù lọ ni mo rà, nítorí pé ẹni tó ń kọ́ wa ní jíìmù sọ pé bí kò bá dunni, kò tíì ṣiṣẹ́, àti pé kókó inú iṣan ni ó ń fọ́. Mo máa ń yí ẹ̀gbẹ́ itan mi títí omi yóò fi bọ́ lójú mi, tí ó bá sì di ọjọ́ kejì, ojú ibẹ̀ á dúdú. Ṣé bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

Èsì: Rárá o. Bí ojú ara bá dúdú lọ́jọ́ kejì, òpójẹ̀ wẹ́wẹ́ ni ó bẹ́ lábẹ́ awọ. Kò sí kókó kankan tí ó fọ́. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi padà bọ̀ sípò.

Ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ itan tí ẹ ń yí yẹn kì í ṣe iṣan lásán. Awọ inú ara kan tó le, tó sì nípọn, ni ó ti ìbàdí sọ̀kalẹ̀ gba ibẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ orúnkún. Ní ọdún 2008, àwọn olùṣèwádìí kan ní Amẹ́ríkà ṣírò iye agbára tí ènìyàn yóò fi tẹ awọ yìí kí ó tó yí padà, wọ́n sì rí i pé kí ó tó fún pọ̀ ní ìdá 1 péré nínú 100, agbára náà yóò ju ìwúwo 900 kìlógíráàmù lọ. Kò sí ẹni tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo àwa tí a ń sáré ní Sátidé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé rólà ń fọ́ nǹkan nínú ara, tàbí pé ó ń tú ohun tó so pọ̀, ohun tí kò ṣeé ṣe ni ó ń sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara máa ń tu ènìyàn lóòótọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti yí i tán.

Kí ló wá ń mú ara tù? Gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ṣe ń fi hàn, ọ̀dọ̀ iṣan ìmọ̀lára, ìyẹn àwọn okùn tó ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ, àti ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Bí a bá tẹ ẹran ara jẹ́jẹ́, tí a kò sì yára kúrò lórí rẹ̀, ọpọlọ máa ń dín ìró ìrora tó ń gbọ́ láti ibẹ̀ kù, a ó sì lè na iṣan náà kọjá ibi tí ó ti ń kọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí n gba èyí gbọ́ ni pé àwọn olùṣèwádìí ti yí rólà lórí ẹsẹ̀ kan, wọ́n sì rí i pé ìrora dínkù ní ẹsẹ̀ kejì tí ohunkóhun kò kàn. Bí ó bá jẹ́ pé kókó ni rólà ń fọ́, báwo ni ẹsẹ̀ kejì yóò ṣe jẹ nínú àǹfààní náà?

Ìdí nìyí tí ìrora púpọ̀ kò fi ń mú àǹfààní púpọ̀ wá. Ara tí ó bá ń bẹ̀rù yóò le sí i ni. Bí ẹ bá ka ìrora láti 0 dé 10, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kọjá 5 tàbí 6. Bí ẹ bá ń séèémí, tàbí tí ẹ ń wa eyín pọ̀, ìwúwo tí ẹ gbé lé e ti pọ̀ jù. Kò pọn dandan kí ẹ tún ra òmíràn: ẹ fi ẹsẹ̀ kejì àti ìgbọ̀nwọ́ yín méjèèjì tẹ ilẹ̀ kí wọ́n bá yín gbé díẹ̀ nínú ìwúwo náà, tàbí kí ẹ tẹ́ aṣọ ìnura lé rólà lórí. Iwájú itan àti ìdí ni kí ẹ máa yí dípò ẹ̀gbẹ́ itan, nítorí pé àwọn iṣan tó ń fa awọ líle yẹn wà ní ìdí àti lókè itan lápá iwájú. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ sinmi, kí ẹ tún ṣe ìṣẹ́jú kan sí i. Ní Memorial University, ní Newfoundland ní Kánádà, àwọn ọkùnrin 11 ṣe irú rẹ̀ gan-an sí iwájú itan nínú ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2013. Orúnkún wọn fi nǹkan bí dígírì 10 ká ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, agbára iṣan wọn kò sì dínkù. Ìṣẹ́jú méjì péré ni gbogbo rẹ̀ gbà wọ́n.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní Òṣogbo. Mo bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá lóṣù tó kọjá, ìbẹ̀rẹ̀-dìde ni a sì ń ṣe jù. Ọjọ́ kejì dára, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta ń ṣe ni mo di àtẹ̀gùn mú kí n tó lè sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní ásíìdì ló ta sí mi lẹ́sẹ̀, kí n fi rólà fún un jáde. Ṣé kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni kí n yí i ni àbí lẹ́yìn rẹ̀? (Ìyá Ìbejì)

Èsì: Ẹ kú ìyà ẹsẹ̀ o, Ìyá Ìbejì. Ásíìdì tí wọ́n ń sọ yẹn, ìyẹn èyí tí iṣan fúnra rẹ̀ máa ń mú jáde nígbà tí iṣẹ́ bá le, máa ń kúrò nínú iṣan láàárín nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn eré, kò lè jẹ́ òun ni yóò máa ro yín ní ọjọ́ kẹta. Iṣẹ́ tí kò mọ́ iṣan lára ni ó máa ń fa irú ìrora yìí, pàápàá iṣẹ́ tí iṣan ti ń gùn sí i bí ó ṣe ń gbé ẹrù lọ́wọ́, irú èyí tí itan ń ṣe nígbà tí ẹ bá rọra ń bẹ̀rẹ̀ tàbí tí ẹ ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 24, ó máa ń le jù láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, lẹ́yìn náà ni yóò lọ fúnra rẹ̀.

Rólà lè dín in kù díẹ̀. Ní ọdún 2019, àwọn olùṣèwádìí kan ní Jámánì kó ìwádìí 21 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí: àwọn tó yí rólà lẹ́yìn eré rí i pé ìrora iṣan fi nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 dínkù, àwọn tó yí i kí eré tó bẹ̀rẹ̀ sì fi ìdá 4 nínú 100 rọ̀ sí i. Ìparí ọ̀rọ̀ wọn ni pé ó yẹ láti fi múra eré ju láti fi wo ara tó ti ń ro lọ. Èmi náà fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kò ní kọ ìdá 6, nítorí náà ẹ lè yí i lẹ́yìn eré pẹ̀lú. Ẹ yí i kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì na ara lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé rírọ̀ náà kì í pẹ́ lọ títí. Bí ẹ bá ti yí ẹran ẹ̀yìn ojúgun tán, ẹ dojú kọ ògiri, ẹ ti ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má kúrò nílẹ̀, kí ẹ fara ti ògiri fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Kí ẹ sì dín iye ìbẹ̀rẹ̀-dìde yẹn kù fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn ni yóò ṣe yín láǹfààní jù lọ.

Bí ìtọ̀ yín bá dúdú bíi Coca-Cola lẹ́yìn eré tó le, tí iṣan sì wú, ẹ má ṣe wo rólà lójú rárá. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè: Láti Ìkòròdú ni mo ti ń lọ ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó. Kí n tó dé ilé lálẹ́, ẹ̀yìn mi á ti gan láti ọrùn dé ìbàdí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ṣé mo lè yí gbogbo ẹ̀yìn náà lórí rólà? (Òṣìṣẹ́ báńkì)

Èsì: Ìdajì òkè nìkan ni. Ẹ gbé rólà dábùú sábẹ́ palaba èjìká, ẹ ká orúnkún sókè, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mú lẹ́yìn, kí ẹ gbé ìdí kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá máa fi ẹsẹ̀ ti ara síwájú àti sẹ́yìn. Níbi tí egungun ìhà bá parí sí ni kí ẹ dúró. Egungun ìhà ń bá òkè ẹ̀yìn gbé ìwúwo ara, ṣùgbọ́n kò sí irú rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ lé rólà níbẹ̀, ẹ̀yìn yóò tẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, iṣan ibẹ̀ yóò sì le láti dáàbò bò ó. Ẹ má ṣe gbé ọrùn lé e náà.

Fún ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ìdí ni kí ẹ yí. Ẹ jókòó lé rólà, ẹ gbé ọrùn ẹsẹ̀ kan lé orúnkún kejì, ẹ fì sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tí ẹ gbé sókè náà, kí ẹ yí i fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó bọ́ sí ìkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, kí ẹ rọra ti ìbàdí síwájú títí iwájú itan ẹsẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn yóò fi nà. Ibẹ̀ ni ó máa ń ká kò jù lára ẹni tó bá jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀. Bí ìrora bá ń ta láti ẹ̀yìn kọjá orúnkún, tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú tipiri, ẹ lọ rí onímọ̀ físíótẹ́rápì. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìtọ̀ ni ẹ kò lè dá dúró mọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè: Ìyá mi ti lé ní ẹni ọdún 65. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì láti Kánò dé Ìlọrin, láti ọjọ́ kejì ni ẹ̀yìn ojúgun òsì wọn ti wú, tó gbóná, tó sì ń ro wọ́n. Mo fẹ́ ra rólà fún wọn. (Ọmọ wọn, Ìlọrin)

Èsì: Ẹ má rà á. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó sì gbóná lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú òpójẹ̀, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́, ó lè já kí ó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. A ti pe ẹni tó kọ lẹ́tà yìí lórí fóònù kí a tó tẹ èsì jáde, nítorí pé irú èyí kò ṣeé dúró de ìwé ìròyìn.

Àwọn mìíràn wà tí ó yẹ kí wọ́n bi dókítà kọ́kọ́: ẹni tí egungun rẹ̀ ti fúyẹ́, ẹni tí ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹni tí òpójẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú ta kókó, àti ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má mọ ìrora mọ́. Bí egungun bá ń ro ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti iṣan, kò sì sí ohun tí rólà fẹ́ ṣe sí i.

Ìbéèrè: Ṣé páìpù omi tí ó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé lè ṣiṣẹ́ rólà? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ifẹ̀)

Èsì: Ó lè ṣe é, bí ó bá jẹ́ èyí tó nípọn tí kò ní fọ́ lábẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n ó le ju fóòmù lọ dáadáa. Fi aṣọ ìnura tàbí ẹní àtijọ́ wé e nípọn, kí o sì so ó kí ó má tú. Fún àtẹ́lẹsẹ̀, bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ti tó. Bí o bá wá fẹ́ ra fóòmù gan-an lọ́jọ́ iwájú, fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù: èyí tí ó bá wọlé bí fóòmù bẹ́ẹ̀dì kò ní pẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ.