Psychology àbí social work? Ohun tí ojú mi rí rèé

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ọdún kìíní lo wà ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, pé iṣẹ́ àwọn tó ń dáàbò bo ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ nínú ilé ló wù ọ́, ṣùgbọ́n o ò mọ èyí tí wàá mú nínú psychology, sociology, human services àti social work. O tún ní psychology ni màmá rẹ fara mọ́, torí pé òun ló dún bí iṣẹ́ dókítà. Psychology lèmi náà fi gba dìgírì àkọ́kọ́ kí n tó lọ ka MSW, ìyẹn dìgírì kejì nínú social work. Mo ti ṣiṣẹ́ ààbò ọmọdé fún ìjọba, mo ti ṣe social work nílé ìwòsàn, wọ́n sì máa ń fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ́dọ̀ mi láti wá kọ́ṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ.

Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibi orúkọ kọ́ọ̀sì. Ibi iṣẹ́ tí o fẹ́ bá ara rẹ ni kó o kọ́kọ́ mú, kó o wá wo ìwé tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ social work, dìgírì social work ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń béèrè, èyí tí CSWE fọwọ́ sí. CSWE ni ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ètò ẹ̀kọ́ social work wò káàkiri Amẹ́ríkà; láti 1952 ni wọ́n ti wà. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni kì í tilẹ̀ gbà kí ẹni tí kò ní dìgírì náà pe ara rẹ̀ ní social worker.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ ni human services, ẹ̀kọ́ nípa ríran àwọn tó wà nínú ìṣòro lọ́wọ́. Orúkọ rẹ̀ jọ social work, àwọn ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ jọ ọ́, nígbà mìíràn àwọn olùkọ́ kan náà ló ń kọ́ méjèèjì. Kì í ṣe kọ́ọ̀sì burúkú o. Mo mọ àwọn tó kà á tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ribiribi nílé tí wọ́n ń gba àwọn aláìnílé sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe BSW, ìyẹn dìgírì àkọ́kọ́ nínú social work. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tó bá fi jáde kò lè fi gba ìwé àṣẹ social work, bó bá sì fẹ́ ka MSW, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ju ẹnì kan lọ tó ti jókòó síwájú mi, tí ojú rẹ̀ pọ́n, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ èyí lẹ́yìn tó ti gba ìwé ẹ̀rí. Tó o bá ti rí kọ́ọ̀sì kan tó wù ọ́, lọ sórí ìkànnì CSWE fúnra rẹ, kó o wò ó bóyá ó wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Má gbọ́ ti ìwé ìpolówó ilé ìwé.

Ó wá ku psychology àti social work. Ẹni tó bá ní dìgírì èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ psychology, ìtàn tàbí orin, lè wọ MSW, ọdún méjì gbáko ni yóò sì fi kà á bó bá ń lọ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ní BSW tí CSWE fọwọ́ sí lè gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní advanced standing, kó sì parí láàárín nǹkan bí ọdún kan. Mo bá wọn jókòó nínú kíláàsì kan náà: èmi wà lọ́dún kejì, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, a sì jọ gba ìwé ẹ̀rí lọ́jọ́ kan náà. Owó ilé ìwé ọdún kan tí èmi san, àwọn ò san án. Kì í wá ṣe owó ilé ìwé nìkan. Ìkọ́ṣẹ́ MSW kò gbọ́dọ̀ dín ní 900 wákàtí, ti BSW kò gbọ́dọ̀ dín ní 400, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọn kì í sanwó fún. Ọ̀sán ni mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, alẹ́ ni mo ń wá owó ilé gbé. Ẹni tó bá ti ṣe 400 tirẹ̀ nígbà tó ṣì ń ka BSW ti fi ìyà díẹ̀ sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n mọ̀ pé ìkọ̀ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwé ló ní òfin tirẹ̀ lórí advanced standing. Wọ́n á wo máàkì rẹ, àwọn mìíràn á sì wo iye ọdún tó ti kọjá látìgbà tó o ti jáde. Ẹni tó bá gba BSW tó wá fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe nǹkan mìíràn lè pàdánù àǹfààní náà.

Nípa ti màmá: sọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé dìgírì àkọ́kọ́ nínú psychology kì í sọ ènìyàn di psychologist. Dìgírì ọ̀mọ̀wé (doctorate) ni wọ́n sábà máa ń béèrè fún ìyẹn, ọdún tó gùn ni. Ẹni tó bá sì gba MSW, tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá fún wákàtí tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá ní kó ṣe (3,000 ni ti California), tó sì yege nínú ìdánwò, yóò di LCSW, ìyẹn social worker tó ní ìwé àṣẹ láti tọ́jú àìsàn ọkàn. LCSW lè jókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú kó sì tọ́jú rẹ̀, ó lè dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí inú màmá yọ́ síyẹn. Bí kò bá tíì dá ọ lójú, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìwádìí tàbí iṣẹ́ olùkọ́ náà ń fà ọ́, psychology tàbí sociology ò ní ṣe ọ́ ní ibi. Àmọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti mú ibì kan bíi tìrẹ, BSW ni èmi yóò ní kó mú. Kàn wádìí òfin ibi tó o fẹ́ gbé: ní California àti New York, kò sí ìwé àṣẹ fún BSW, MSW ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Torí pé ọmọdé lo dárúkọ, béèrè nípa Title IV-E. Owó ìjọba àpapọ̀ ni, wọ́n fi ń ran àwọn tó ń ka social work lọ́wọ́ bí wọ́n bá tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn yóò ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ààbò ọmọdé ti ìjọba lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwé ló ní in. Ka ìwé àdéhùn náà dáadáa, torí ẹni tó bá sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí àkókò rẹ̀ tó pé sábà máa ń dá owó padà.

Ohun kan tún wà tí kò sí lórúkọ kọ́ọ̀sì kankan. Iṣẹ́ yìí, ìwé kíkọ ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ òbí rẹ̀, ìwé tí ìwọ kọ ni adájọ́ máa kà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá sọ́dọ̀ mi máa ń kọ pé "ilé náà dọ̀tí, ìyá náà kò bìkítà." Mo máa ń fa igi lé e. Kí lo rí? Ọmọ ọdún mẹ́ta nìkan ló wà nílé ní aago mẹ́jọ alẹ́, kò sóúnjẹ nínú fíríìjì, ààrò gáàsì ń jó. Ìyẹn ni kó o kọ. "Kò bìkítà" jẹ́ èrò tìrẹ, agbẹjọ́rò ìyá náà yóò sì fi bọ́ ẹ sí gbangba níwájú adájọ́. Ó sì ṣeé ṣe kí ìyá náà wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ni, kí ẹni tó fi ọmọ tì máà wá. Nítorí náà, kọ́ọ̀sì yòówù kó o mú, wá kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìwé kíkọ, kí olùkọ́ rẹ̀ sì le. Fi statistics àti ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn kún un, àwọn ètò MSW kan máa ń béèrè wọn. Èdè Sípéènì náà ń ríṣẹ́ fúnni.

Nǹkan kan ń lé ọ lére: ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, kì í ṣe pé wàá kàn kọ orúkọ rẹ sínú BSW. Ọdún kejì ni wọ́n máa ń ní kí ènìyàn kọ̀wé béèrè fún àyè, pẹ̀lú àwọn ẹ̀kọ́ kan tó gbọ́dọ̀ ti ṣe ṣáájú. Lọ bá olùdámọ̀ràn ẹ̀ka náà kí sẹ́mẹ́sítà yìí tó parí, kó o béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn àti àwọn ẹ̀kọ́ náà. Bó o bá ní ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kankan sẹ́yìn, bó ti wù kó kéré tó, sọ fún un lọ́jọ́ náà, torí wọ́n máa tẹ̀ka rẹ kí wọ́n tó fi ọ́ síbi tí ọmọdé wà.