Kí ló dé tí àwọn ará erékùṣù St Kilda fi kó kúrò nílé?

Àwọn ọ̀dọ́ tán nílùú ni, àwọn tó kù ò lè dá a gbé mọ́. Ìwọ̀-oòrùn Scotland ni erékùṣù náà wà, láàárín òkun. Ẹyẹ òkun ni wọ́n ń jẹ jù, ìyẹ́ rẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń san owó ilẹ̀ fún ìdílé MacLeod. Àrùn ipá pa ìkókó wọn lọ bẹẹrẹ títí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi ń parí lọ. Èyí ló dùn mí jù nínú ìtàn wọn. Àwọn 36 ṣí lọ sí Australia lọ́dún 1852. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọmọ ogun ojú omi dé, ọkọ̀ ń wọlé déédéé, àwọn ọ̀dọ́ sì rí ayé mìíràn. Ní 29 oṣù Kẹjọ 1930, ọkọ̀ Harebell kó àwọn 36 tó kù. Àwọn fúnra wọn ló bẹ ìjọba pé kó kó àwọn kúrò.